Ọwọ́ rẹ kò kéré, gìtá yẹn ni wọn kò tíì tò fún ọ

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, èmi ni mò ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tọ́jú owó kí n tó ra gìtá oníná tòkunbọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, irú tó ní ìrísí Les Paul. Ó rẹwà débi pé mi ò fẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ta á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, orí ìka ọwọ́ òsì mi á máa dùn mí, ọrùn ọwọ́ á le, èjìká á sì máa ro mí. Kọ́ọ̀dù F ló burú jù. Kódà bí mo bá ti tún ohùn gbogbo okùn ṣe tán, F yẹn kì í dún gún. Olórí akọrin wa ní ọwọ́ mi ló kéré, pé gìtá kì í ṣe ohun èlò obìnrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní èyí tí wọ́n ṣe bíi Stratocaster, kò tó ìdajì owó tèmi, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e, àfi bíi pé ẹ̀kọ ni mò ń tẹ̀. Ṣé kí n gbé tèmi tà kí n ra irú tirẹ̀? Gìtá wo gan-an ló rọrùn jù láti ta?"

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ sílẹ̀ lẹ́nu wọn ná. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún gìtá ṣe. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń tẹ F láìfajúro, mo sì ti rí géńdé ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tó ń gbọn ìka lẹ́yìn orin kan ṣoṣo, torí pé wọn kò to gìtá rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni pé wọn kò tún okùn, nut àti ọrùn rẹ̀ ṣe bó ṣe yẹ. Ní ti pé kì í ṣe ohun èlò obìnrin, inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni Sister Rosetta Tharpe, tí wọ́n bí ní Cotton Plant ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní 1915, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá láti kékeré. Ní oṣù karùn-ún 1964, ó dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Manchester pẹ̀lú gìtá Gibson oníná funfun lọ́rùn, ó ń kọrin ẹ̀mí, tẹlifíṣọ̀n sì ń ká a sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí gìtá kọ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe gbé ọ̀rọ̀ olórí akọrin yẹn sí ọkàn mọ́.

O bi mí pé gìtá wo ló rọrùn jù. Kò sí èyí tí mo lè dárúkọ tí màá sì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ ti gbé ìdáhùn mìíràn dání. Láti ìgbà tí Fender ti gbé Stratocaster jáde ní 1954, íǹṣì 25.5 ni wọ́n ń wọn okùn rẹ̀ sí láti nut dé bridge. Ti Les Paul, tí Gibson bẹ̀rẹ̀ ní 1952, íǹṣì 24.75 ni. Nut ni egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè ọrùn gìtá, níbi tí okùn ti ń kúrò ní orí. Bridge ni irin tó gbé okùn dúró nísàlẹ̀. Okùn tó bá gùn ju èkejì lọ, ó gbọ́dọ̀ le jù ú lọ kí ohùn méjèèjì tó lè dọ́gba. Bí ẹ bá so irú okùn kan náà mọ́ gìtá yín méjèèjì, tìrẹ ló yẹ kó rọ̀ jù, ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn fret rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tún súnmọ́ra ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ, èyí tó dára fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò gùn. Ṣùgbọ́n òdìkejì lo ń sọ fún mi: èyí tó gùn ló rọ̀, èyí tó kúrú ló le. A jẹ́ pé ẹ̀dá gìtá kọ́ ló ń bá ọ jà. Ẹnìkan ti tò ti ọ̀rẹ́ rẹ dáadáa, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan tìrẹ láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀dù F, ohùn mélòó kan tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló jẹ́ kí n fura jù. O ní ó ń dùn ọ́ lọ́wọ́, o tún ní kì í dún gún. Àwọn tó ń gbé gìtá wá sọ́dọ̀ mi máa ń kà á sí ẹ̀sùn méjì, ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí wọn. Fret àkọ́kọ́ là ń tẹ F sí, ìtòsí nut gan-an. Bí ihò tí okùn ń gbà kọjá lórí nut kò bá jìn tó, okùn á ga níbẹ̀ bí okùn tí wọ́n so mọ́ òpó láti fi sá aṣọ, wàá sì ní láti fi agbára tì í kó tó kan fret. Bí o ṣe ń tì í wálẹ̀ ni o ń fà á le, bí ó sì ṣe ń le ni ohùn rẹ̀ ń gòkè kọjá ibi tó yẹ. Tuner, ẹ̀rọ tí à ń fi tún ohùn okùn ṣe, kò lè fi èyí hàn ọ́, torí okùn tí o kò tẹ̀ ni o ń fi í wò. Dán èyí wò lálẹ́ òní: tẹ okùn kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ní fret kẹta, kí o wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti fret àkọ́kọ́. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà, bí ìnípọn bébà. Bí o bá ń rí i kedere láti ibi tí o jókòó sí, nut rẹ ga jù.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíléèdì ayùn irin gbẹ́ nut náà o. Èmi ti ṣe é rí, nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, sí gìtá tí bàbá mi rà fún mi. Mo gbẹ́ ẹ jìn kọjá, okùn kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò, ó sì tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí nut mìíràn fi sí i. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ bá okùn kọ̀ọ̀kan mu ni wọ́n fi ń ṣe é, ìfà kan tàbí méjì, kí wọ́n tún okùn dá padà, kí wọ́n wò ó. Kí o tó fi gìtá rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́, sọ pé kó fi fáìlì náà hàn ọ́. Ẹni tó bá ní in kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ọrùn gìtá ló kàn. Okùn mẹ́fà tí wọ́n fà dé ohùn, lórí gìtá tó gùn bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ, ń fa ọrùn náà pẹ̀lú agbára tó tó kìló 46, bó bá jẹ́ pé okùn tí à ń pè ní 10 ni. Igi tí irú agbára bẹ́ẹ̀ ń fà tọ̀sán-tòru á tẹ̀ bí igi ọrun ọdẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri ọ̀pá irin kan, truss rod, sínú ọrùn láti fà á padà. Ọrùn kò gbọ́dọ̀ tọ́ pátápátá, torí okùn nílò àyè díẹ̀ láti mì, ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ jù, okùn á ga ní àárín, ọwọ́ á sì mọ̀ ọ́n lára. Tẹ okùn tó nípọn jù ní fret àkọ́kọ́, tẹ̀ ẹ́ tún ní ibi tí ọrùn ti wọ ara gìtá, kí o wo fret keje tàbí ìkẹjọ. Bí àlàfo ibẹ̀ bá tó ìnípọn káàdì tí àwọn oníṣòwò fi ń pín nọ́ńbà wọn, ó dára. Ìyẹn jẹ́ bíi mìlímítà 0.2 sí 0.3. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọrùn ti tẹ̀.

Oṣù kẹfà tí o rà á kò sì yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí onílù tí a máa ń kọ́ ní ohun tí ìgbà òjò ń ṣe sí awọ ìlù; ó mọ̀ pé ó ń rọ̀, ó sì mọ̀ pé ọyẹ́ ń mú un le koko. Igi gìtá náà ń gbọ́ ojú ọjọ́. Gìtá tó ti ń gbé nínú yàrá gbígbẹ nílẹ̀ òkèèrè, tó wá bọ́ sínú ọ̀rinrin oṣù kẹfà nílẹ̀ wa, igi rẹ̀ á mu omi, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á sì ga sókè. Bí ọyẹ́ bá dé, á ṣẹ́rí padà: ọrùn á fà sẹ́yìn, okùn á máa kùn, ìdí irin fret á sì lè yọrí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn tí yóò máa gún ọ bí ẹ̀gún, torí igi ti sún kì, irin kò sì sún kì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń wo ọrùn gìtá tèmi, nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé. Yíyí truss rod sí apá ọ̀tún ń fa ọrùn sẹ́yìn, sí òsì ń tú u sílẹ̀. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ni kí o yí lẹ́ẹ̀kan, kí o tún ohùn okùn ṣe, kí o wọ̀n ọ́n. Bó bá ti le jù lọ́wọ́, dúró níbẹ̀, gbé e lọ bá oníṣẹ́. Truss rod tó bá já nínú ọrùn, àtúnṣe rẹ̀ lè wọ́n ju gìtá lọ.

Gíga okùn lára bridge ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá, lẹ́yìn ọrùn ló sì yẹ kó wá. Lórí irú gìtá rẹ, kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ló wà lábẹ́ bridge, ọ̀kan lápá okùn nínípọn, ọ̀kan lápá okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ lásán lè yí wọn bí o bá kọ́kọ́ dẹ okùn. Fi rúlà wọn àlàfo láti orí fret kejìlá dé abẹ́ okùn. Mìlímítà 2 fún okùn tó nípọn jù àti 1.5 fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o máa ń fi agbára ta okùn nígbà ìyìn, fi í sílẹ̀ ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò bá fẹ́ kùn.

Kí o tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn, torí bí okùn bá yàtọ̀, agbára tó ń fa ọrùn á yàtọ̀. O kò sọ fún mi pé o ti pààrọ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹfà, èmi náà kò sì mọ irú èyí tí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ so mọ́ ọn. Nọ́ńbà ara páálí okùn ni ìnípọn okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù: 9 túmọ̀ sí ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Okùn 9 ń fa ọrùn pẹ̀lú bíi kìló 38 lórí gìtá gígùn tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí 10 ti ń fa 46. Ìyàtọ̀ yẹn kò kéré sí ìka. Mo ti bá okùn 11 pàdé lára gìtá tòkunbọ̀ tí ẹni tó rà á kò mọ̀, mo sì ti bá okùn gìtá onígi pàdé. Fún ìwọ, mo máa fi 10 sí Les Paul yẹn, torí ó kúrú. Bó bá ṣì le lẹ́yìn tí a ti tò ó tán, kí a bọ́ sí 9. Àwọn kan á sọ fún ọ pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dún dáadáa. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìlù àti dùùrù àti ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́, ìwọ nìkan ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Kí o sì máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn ìsìn, torí òógùn ló ń jẹ wọ́n, okùn tó ti dógùn-ún a sì máa ha ìka bí pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó.

Gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí ló ṣeé yí padà. Àwọn kan wà tí kò ṣeé yí padà, èjìká rẹ sì wà lára wọn. Les Paul wúwo ní tòótọ́. Ó wọ́pọ̀ kó lé ní kìló mẹ́rin, nígbà tí Stratocaster sábà máa ń wà ní ìtòsí kìló mẹ́ta àbọ̀, tí wọ́n sì ti gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ síbi ikùn àti iwájú rẹ̀ síbi apá. Bí ẹ bá ń ṣe ìṣọ́ òru, tí o dúró láti aago mọ́kànlá títí di ìdájí, wàá mọ ìyàtọ̀ náà. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó mìlímítà 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á pín ìwúwo náà ká èjìká, á dín in kù, ṣùgbọ́n kò ní pa á rẹ́. Gbé bẹ́líìtì náà sókè pẹ̀lú. Gìtá tó bá sọ̀ dé itan dára lójú nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ òsì á ká kọ́ láti tẹ F, ibẹ̀ sì ni líle tí o ń sọ ti ń wá. Nígbà tí o bá jókòó, kíyè sí ibi tí gìtá wà sí àyà rẹ. Ibẹ̀ náà ni kó wà nígbà tí o bá dúró.

Ọrùn náà ní ìrísí tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tún gbẹ́ láìba nǹkan jẹ́. Ìbú rẹ̀ lórí nut kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bíi mìlímítà 42 tàbí 43 lórí ọ̀pọ̀ gìtá irú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìnípọn rẹ̀ máa ń yàtọ̀ gan-an: 20 lórí òmíràn, 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èkejì. Wọ́n á sọ fún ọ pé ọwọ́ kékeré, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo ń bá ẹgbẹ́ jùjú kan ṣeré òde àríyá, tenor gìtá ni mo dì mú, ọwọ́ orin kan náà ni à ń tẹnu mọ́ fún wákàtí méjì gbáko kí olórin tó yí i padà, bí ó ti rí nínú jùjú tí gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń wọnú ara wọn, tí kálukú di tirẹ̀ mú. Gìtá tí mo kọ́kọ́ lò ní ọrùn pẹlẹbẹ, ó sì yá lọ́wọ́ fún wákàtí àkọ́kọ́. Tó bá di òru, àtàǹpàkò mi á ti pa, torí kò rí nǹkan kún ọwọ́, ó kàn ń fún un pọ̀ ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn díẹ̀, mo sì rí ìsinmi. Ẹlòmíràn lè rí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dárúkọ gìtá kan fún ọ, àfi kí ọwọ́ tìrẹ gbé e.

Ṣé kí o wá ra irú ti ọ̀rẹ́ rẹ? O lè rà á, kó sì dára. Ṣùgbọ́n mọ ohun méjì kí o tó ná owó. Èkínní, rírọ̀ tó ń wù ọ́ lára tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ni, kò sí nínú páálí. Tuntun irú rẹ̀ lè wá láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú nut gíga bíi ti èyí tí o ń sá fún. Èkejì ni iná. Pickup, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn ránṣẹ́ sí amp, orí gìtá irú Stratocaster jẹ́ oníkóìlì kan, ìyẹn wáyà wíwé kan, ó sì ń gba ariwo iná mọ́ra: bó bá súnmọ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí wáyà tí wọn kò so mọ́ ilẹ̀, á máa kùn nínú amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù dé ìparí. Gìtá rẹ, bó bá ṣe rí bí mo ṣe rò, ní oníkóìlì méjì, irú èyí tí Seth Lover ṣe fún Gibson ní 1955 torí ariwo yẹn gan-an. Ohun tí kóìlì kan gbà lódì ni èkejì ń pa. Nínú ìjọ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ sìn, ìyẹn jẹ́ ìbùkún tí o ti ní lọ́wọ́. Bí okùn gìtá bá sì ti ta ọ́ ní iná rí nígbà tí ẹnu rẹ kan máìkì, má ta á mọ́ títí oníná á fi wá wo wáyà ilẹ̀ yín. Ìyẹn lè pa èèyàn.

Bó bá wá di pé wàá ra òmíràn, gbé rúlà, téèpù àti òṣùwọ̀n lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ ná. Wọn ìnípọn ọrùn tirẹ̀ ní fret àkọ́kọ́ àti ìkejìlá, wọn gíga okùn, wọn ìwúwo rẹ̀, kọ wọ́n sílẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni kí o gbé lọ sí ọjà. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti fẹ́ rà, nọ́ńbà wọ̀nyẹn nìkan lo ní. Ní ṣọ́ọ̀bù, má jẹ́ kí oníṣòwò bá ọ ta á, ọwọ́ tirẹ̀ kọ́ ló máa lò ó. Má tíì fi í sí amp. So bẹ́líìtì mọ́ ọn, dúró, kí o ta orin tí o mọ̀ dunjú fún ogún ìṣẹ́jú. Tẹ gbogbo fret lórí gbogbo okùn, kí o gbọ́ bóyá ibì kan ń kùn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ irú Les Paul, wo ẹ̀yìn ibi tí orí ti pàdé ọrùn dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀: orí wọn tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kán bí wọ́n bá ṣubú, ọ̀dà sì lè bo ojú ọgbẹ́.

Mi ò tíì di gìtá rẹ mú, lẹ́tà kò sì lè fi ọrùn hàn mí. Ó lè jẹ́ pé fret rẹ̀ ti jẹ tán, ìyẹn kò sì ní gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Fret tuntun ni á nílò, iṣẹ́ ńlá ni. Bí wọ́n bá sì tò ó tán, tí ìka rẹ ń kú tipiri lóru tàbí tí ọrùn ọwọ́ ṣì ń dùn ní ọjọ́ tí o kò fọwọ́ kan gìtá, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e tà, fún un ní okùn tuntun àti ọwọ́ oníṣẹ́ kan. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára ohun tí o fi oṣù mẹ́jọ kó jọ. Ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kí o wá kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ gíga okùn ní fret kejìlá, ìnípọn ọrùn ní fret àkọ́kọ́, àti bí F ṣe ń dún báyìí.